Ohùn Kẹsàn-án Lábẹ́ Agbòòrùn Pupa

Ọtí kíkan tí wọ́n dà sórí egungun yẹn kí àpá lè hàn ò rùn rárá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kuai gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn ọwọ́ ara ẹ̀. Òfo. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń yẹ òkú wò fún kóòtù Linshui, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Egungun Shen Ba ni. Adájọ́ Pang ló ní kí wọ́n na Shen Ba ní igi ọparun, torí ó kọ̀, kò fi oko ẹ̀ sílẹ̀ fún àna adájọ́. Ó kú sí àtìmọ́lé. Wọ́n ní ibà ló pa á. Ìyàwó ẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé olú-ìlú lọ fẹjọ́ sùn. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ bá pàṣẹ pé kí wọ́n hú egungun náà, kí Kuai ké ohun tó bá rí síta, kí Pang fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ lójú gbogbo ìlú. Bí ò bá sí àpá, obìnrin yẹn ni wọ́n máa nà.

Pang bẹ̀rẹ̀ sétí Kuai. "Arúgbó, oòrùn ti ń mú. Sọ pé kò sí àpá, ká lọ jẹun."

"Olúwa mi, ta ló ń bá mi jẹun? Wọ́n ní mò ń fọwọ́ kan òkú. Ẹnu yìí nìkan ni mo ní, kò sì parọ́ rí."

"Ẹ̀yìn ẹ ló máa jẹ igi ọparun náà."

"Ẹ̀yìn ti gbó, olúwa mi."

Kuai ṣí agbòòrùn pupa sórí egungun. Oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá, gbogbo ilẹ̀ pọ́n. Àpá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tó kán sínú omi. Ó na ọrùn, ó ké:

"Egungun ìhà kẹta lápá òsì. Àpá igi."

Pang fọwọ́ di ìhà òsì lórí àga tó wà. "Ta ló lù mí?"

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

"Egungun itan ọ̀tún. Àpá igi."

Itan ọ̀tún adájọ́ gbọ̀n rìrì. Ẹnì kan sọ láàárín èrò pé, "Àbí ibà tó pa Shen Ba ló ń mú ọ̀gá?"

"Ẹ kọ ọ́, olúwa mi," ni ìyàwó Shen Ba wí. "Ìwé ń dúró dè yín."

Pang ń kọ, òógùn ń kán sórí ìwé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́."

"Èmi kọ́ ni mò ń lù yín. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mò ń pè fún yín."

"Ẹ̀yìn orí. Àpá igi."

Pang dojú bolẹ̀. Kò dìde mọ́.

Ìyàwó Shen Ba wá kúnlẹ̀ níwájú Kuai. "Ẹ ṣé, bàbá. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ pè, ẹ ò fo ọ̀kan."

Kuai gbé agbárí òkú náà sábẹ́ agbòòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó funfun, ó mọ́ tónítóní, kò sí àpá kankan lẹ́yìn ẹ̀.

"Mẹ́jọ ni mo pè, ọmọ mi."

"Ohùn yín la gbọ́."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn mi ló ti wá."

Kò bojú wẹ̀yìn. Akọ̀wé kóòtù ti mú kálàmù tó bọ́ lọ́wọ́ Pang. "Bàbá, ṣé kí n kọ ìkẹsàn-án?"

Kuai gbé ọrùn sókè. "Mẹ́jọ ni kí o kọ. Ohun tí mo bá rí nìkan lorúkọ mi máa ń wà lábẹ́ ẹ̀."