Bí Bíríkìlà Ṣe Po Oògùn Ọmọ Rẹ̀ Bí Ẹni Po Sìmẹ́ńtì

Ẹni tó bá mọ bíríkìlà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yóò jẹ́rìí pé kì í ṣe ahun sìmẹ́ńtì. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi iyanrìn tan onílé jẹ, òun á ní kí wọ́n tún da sìmẹ́ńtì sí i. "Ohun tó bá ki ló ń lágbára," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ògiri tó bá mọ kì í sán, ó sì níyì lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àléébù ibẹ̀ kò ju pé kì í fi ìwà náà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ kó tó wálé. Ṣúgà inú tíì rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ṣíbí dúró, ọṣẹ tó sì fi ń fọ ṣòkòtò kan á fọ aṣọ gbogbo ilé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, obìnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí bàbá rẹ̀ bá jókòó sórí àga tó wu ọmọ náà, á nàka sí i, á ní, "Dìde!" Bàbá á sì dìde wéré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Kó tó di ọ̀sán, aṣọ ìdí rẹ̀ ti gba gbogbo okùn ìsáṣọ. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, ó sáré lọ ra oògùn oníyọ̀, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ní iyọ̀ àti ṣúgà nínú, tí wọ́n máa ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe yẹn.

"Bàbá Ọ̀gá, ẹ bá mi pò ó fún un," ló wí. "Oníbàárà kan ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ń bọ̀ báyìí."

"Máa lọ jàre. Ṣé iṣẹ́ pípò lo tún fẹ́ kọ́ èmi?"

Bàbá gbé ife tíì rẹ̀, ó bu omi sí i, ó tú àpò oògùn kan sí i. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tú èkejì lé e. Ó rò ó títí tó fi yòrò, ó wá bu díẹ̀ sẹ́nu ọmọ. Ọmọ yínmú, ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó tún nawọ́ sí ife.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣiṣẹ́!" bàbá ń dá sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Kò ṣiṣẹ́ o. Gbuuru kò dáwọ́ dúró, òùngbẹ sì ń le sí i. Bí ọmọ bá ti mu tán, á ní, "Omi." Bàbá á tún bu láti inú ife yẹn kan náà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ahọ́n ọmọ ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń ké ṣùgbọ́n omijé kò jáde. Aṣọ ìdí tí wọ́n fi sí i lọ́sàn-án kò ní ìtọ̀ kankan. Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ lọ jókòó sórí àga Ọ̀gá, ó ń retí kó lé òun dìde. Ọmọ kàn wò ó ni. Ẹ̀rù ba bàbá gan-an.

Ìyàwó rẹ̀, tí iṣẹ́ oníbàárà dá dúró títí, ti dé nígbà náà. Kò bá a jiyàn. Ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ní, "Ilé ìwòsàn yá."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó yẹ ọmọ wò, ó pe dókítà, dókítà náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Nọ́ọ̀sì wá bi wọ́n léèrè.

"Kí lẹ ti fún un látàárọ̀?"

"Oògùn oníyọ̀ ni, Màmá Nọ́ọ̀sì," bàbá dáhùn. "Àpò méjì nínú ife kan. Mi ò fẹ́ kó ṣàn ni."

"Àpò méjì?" Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Nínú ife tíì?"

"Mo fẹ́ kó lágbára ni."

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wọn omi mímọ́ lítà kan sínú ike, ó tú àpò kan ṣoṣo sí i, ó rò ó. Ó gbé ṣíbí fún ìyá pé kó máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀.

Bàbá ń wo ike náà bí ẹni ń wo iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rẹ́ onílé jẹ. "Màmá, ẹ máà bínú o, èyí ò wá fẹ́lẹ́ jù?"

"Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì rí?"

"Mo máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Òun ni wọ́n fi kọ́ ara wa látòkè délẹ̀. Ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i, ṣùgbọ́n ààyè ni. Ó ń jẹun, ó ń mí, ó ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ jáde. Awọ fẹ́lẹ́ ló bò ó, awọ yẹn sì ń yan ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa jáde. Omi ló kún inú rẹ̀, omi náà ló sì yí i ká. Tí iyọ̀ inú àti tìta bá wà ní ìwọ̀n, ara á balẹ̀. Bí iyọ̀ bá wá pọ̀ jù níta ńkọ́? Omi inú sẹ́ẹ̀lì á máa jáde lọ bá iyọ̀ yẹn, sẹ́ẹ̀lì á sì máa súnkì."

"Bí búlọ́ọ̀kù gbígbẹ ṣe máa ń fa omi inú sìmẹ́ńtì tútù nìyẹn," bàbá wí. "Ìdí tá a fi ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù ká tó tò ó nìyẹn. Bá ò bá wọ́n ọn, sìmẹ́ńtì á gbẹ kó tó mú, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́."

"Ẹ ti gbà á. Gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí ń ní 'omi', sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ló ń ké pé omi ò tó àwọn. Kíndìnrín rẹ̀ náà gbọ́, ìyẹn ni ò ṣe jẹ́ kó tọ̀, ó ń ṣọ́ ìwọ̀nba omi tó kù. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sapá kó má baà bàjẹ́. Ẹ̀yin ẹ sì ń bu iyọ̀ kún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára. Ó fò dìde. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká fún un lómi lásán! Kí n lọ ra ìgò ńlá mẹ́ta wá!"

"Ẹ wò ó," ìyàwó rẹ̀ wí láìgbójú kúrò lára ṣíbí. "Ó ti tún fẹ́ ṣàṣejù. Tẹ́lẹ̀ iyọ̀ ni, ó ti wá kan omi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá Ọ̀gá ò purọ́. Tẹ́ ẹ bá rọ́ omi lásán sí i lójijì, omi á ya wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti súnkì, wọ́n á wú. Ti inú ọpọlọ ò sì láyè tó máa wú sí, eegun ló yí i ká. Gìrì lè mú un. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ì báà jẹ́ ti iyọ̀, ì báà jẹ́ ti omi."

"Kí ló wá wà nínú èyí tẹ́ ẹ pò yìí?"

"Ìwọ̀n ni. Nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà ló jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, kàkà kí omi wọlé, ìta ni wọ́n á máa fà á sí, gbuuru á tún pọ̀ sí i."

Bàbá gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń fi ṣọ́bìrì bu nǹkan wá ń fi ṣíbí kékeré bu omi sẹ́nu ọmọ, ó ń dúró kó gbé e mì, ó tún ń bu òmíràn. Kò yára, kò sì da kún un.

Nígbà tí wọ́n tan iná wọ́ọ̀dù, Ọ̀gá wà lórí itan bàbá rẹ̀. Lójijì, bàbá pariwo, "Ó tọ̀! Màmá Nọ́ọ̀sì, ó tọ̀ sí mi lára!" Ṣòkòtò rẹ̀ ti rin gbingbin. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè fún un ní oògùn oníyọ̀. Kò léwu tẹ́ ẹ bá pò ó bó ṣe yẹ. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ ka ohun tó wà lára àpò rẹ̀, omi mímọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lò ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kó má dín, kó má lé. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín. Ẹ má fi ṣúgà tàbí iyọ̀ kún un. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Ọmọ tó ń mu ọmú kò gbọdọ̀ dáwọ́ ọmú dúró.

Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò tọ̀, tí kò lè mu nǹkan, tó ń bì léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tó kàn rọ jọwọlọ, ẹ má dúró wò ó nílé. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bíríkìlà yìí fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ẹ̀yin náà, ẹ fẹ́ràn ọmọ yín láìdíwọ̀n. Oògùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀n.