Ohùn Inú Kùrukùru

“Hamid! Hamid o!”

Nínú àgọ́ kékeré tó pa sí etí òkun, Hamid fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, ṣùgbọ́n kùrukùru ti bo gbogbo iyanrìn débi pé kò rí ọkọ̀ tó gbé e wá mọ́. Ohùn tó ń pè é kò ṣàjèjì sí i. Ohùn Khalifa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ Khalifa ti kú láti oṣù kẹta, Hamid sì wà lára àwọn tó bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ọdún 2005 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ilé tuntun ń hù bí olú káàkiri Dublin, ìlú òkè òkun tí wọ́n ń gbé. Khalifa ríṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìhà Lucan, ibẹ̀ ló sì ti já bọ́ láti òkè ilé, tó kú. Kó tó kú, ó ti ra àgọ́ kan. Ó ní tí ilé ìwé bá gba ìsinmi oṣù kẹwàá, òun àti Hamid yóò wa ọkọ̀ òun gba etí òkun lọ sí gúúsù, láti Bray títí dé Wexford, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn yóò sùn. Ikú kò gbà fún un.

Láti ìgbà náà, ọkọ̀ Khalifa kò kúrò níwájú ilé wọn ní Hartstown. Lọ́jọọjọ́ Sunday, Mùnírù bàbá wọn, tó ń wa takisí, a jáde lọ ṣáná sí i, a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná, a pa á, a sì wọlé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Karimot ìyá wọn ní òun kò fẹ́ rí ẹni tó máa wà á.

Hamid kò lè kàwé mọ́, bẹ́ẹ̀ ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ti ń bọ̀. Ó rò ó pé bí òun bá rin ìrìn àjò náà parí, ọkàn òun yóò balẹ̀. Èrò yẹn kò burú. Irọ́ tó fi bò ó ló burú.

“Mọ́mì, mò ń lọ kàwé lọ́dọ̀ Olúkúnlé ọ̀rẹ́ mi ní Lucan. Mo máa sùn síbẹ̀.”

“Ṣé wàá rí oúnjẹ jẹ ṣá? Mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ dání o.”

“I'm grand, Mọ́mì. Kò séwu.”

Bí ìyá rẹ̀ ṣe lọ síbi iṣẹ́ báyìí, ó gbé àgọ́ Khalifa, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó di gúúsù. Nígbà tó dé Bray, ó pa fóònù rẹ̀. Òkun wà lọ́wọ́ òsì, ewé pupa ń já bọ́ sójú títì. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ ó ṣàdédé rí i pé òun ń bá Khalifa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ó sì tan rédíò.

“Hamid! Dá mi lóhùn!”

Ohùn náà tún ti sún mọ́ ọn. Hamid rántí ohun tí ìyá bàbá rẹ̀ sọ fún un lórí fóònù láti Ìṣẹ́yìn lẹ́yìn ìsìnkú. Màmá ní ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé kì í lọ tààrà, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa ń lọ gbé. “Bí o bá gbọ́ tó pè ọ́, tí o kò rí i, gba ẹnu rẹ mú. Ẹni tó bá dáhùn, ó ti bá a lọ nìyẹn.” Karimot ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, Mùsùlùmí ni wá,” ṣùgbọ́n òun náà rẹ ohùn sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Hamid bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo súrà kékeré tó mọ̀. Ó gbọ́ tí nǹkan ṣubú, tí ẹnìkan ké. Lẹ́yìn náà ohùn ọ̀hún rọlẹ̀: “Hamid, ẹsẹ̀ mi. Omi ń dé.”

Báyìí ni òkú ṣe ń tan èèyàn, ó wí nínú ara rẹ̀. Omijé ń já lójú rẹ̀, ó fẹ́ dáhùn, kò dáhùn. Ìgbì ń lu àpáta. Ó pẹ́ kí ohùn náà tó tún sọ̀rọ̀, kò sì pariwo mọ́.

“Khalifa. Khalifa ọmọ mi, bá mi wá àbúrò rẹ.”

Hamid dìde. Òkú kì í pe orúkọ ara rẹ̀.

“Dádì!” Ó sáré jáde nínú àgọ́. “Dádì, níbo lẹ wà?”

Láàárín àpáta ló ti bá a, omi ti dé àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sísàlẹ̀. Hamid fà á, bàbá rẹ̀ ń ké, kò dẹwọ́ títí ẹsẹ̀ náà fi yọ. Ó pọ̀n ọ́n dé orí iyanrìn gbígbẹ, ó tan fóònù, ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ sì ń ya wọlé léraléra. Karimot kò bá ọkọ̀ nílé ló bá pe Olúkúnlé, Olúkúnlé kò sì lè purọ́ fún un. Mùnírù rántí ìrìn àjò tí Khalifa fẹ́ rìn, ló bá fi takisí rẹ̀ tọ etí òkun láti Bray títí tó fi rí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Mùnírù kán níbi méjì. Òtútù sì wọ̀ ọ́ láyà, ó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lè sọ̀rọ̀ tó já gaara. Karimot jókòó tì í, kò bú Hamid, kò sì wo ojú rẹ̀. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò fojú kan oorun.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá bi Hamid ni, “Ṣé o gbọ́ nígbà tí mò ń pè ọ́?”

Ì bá rọrùn láti ní kùrukùru ni kò jẹ́ kí òun gbọ́. Irọ́ náà ti wà létè rẹ̀.

“Mo gbọ́, Dádì. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́.”

“Kí ló dé tí o ò dáhùn?”

“Mo rò pé Bọ̀dá Khalifa ni. Ohùn yín ni wọ́n ní. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n fẹ́ mú mi lọ. Ẹ má bínú sí mi.”

Mùnírù kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Hamid kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

“Hamid,” ó wí níkẹyìn, “ká ní èmi ló pè ni, ǹ bá dá a lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kó pè mí. Kí lo rò pé mò ń ṣe nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọọjọ́ Sunday?”

Hamid di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ sunkún, Karimot náà sì bọ́ sí àárín wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìbànújẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọ bá gbé e pamọ́, tó tún purọ́ ibi tó ń lọ, ó lè fi ẹni tó kù sílé kún ẹni tó ti lọ. Bí ọkàn yín bá wúwo, ẹ sọ ọ́ nílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù òkú di etí yín sí alààyè tó ń pè yín.