Ẹgbẹ́ Tí Kì í Fọwọ́ Kan Kọ̀ǹpútà Ẹlòmíì

"Ẹ gbà mí o! Mo ti ba nǹkan onínǹkan jẹ́!"

Bí Ọmọ́dára ṣe pariwo nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sí ẹgbẹ́ oníkọ̀ǹpútà Ìkìrun, tí gbogbo ohun tó tẹ̀ pòórá lójú ẹ̀. Ó yíjú sí ọkùnrin tí wọ́n ní kó máa kọ́ ọ, Akínyẹlé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ọjà. Dípò kí ọkùnrin yìí gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ṣe ló káwọ́ pọ̀nyìn bí ẹni tó fẹ́ rojọ́.

"Kò bàjẹ́. Fara balẹ̀, wo òkè lápá òsì. Ìwọ lo máa dá a padà."

Inú bí Ọmọ́dára. Àṣé òfin ẹgbẹ́ ni. Ìyá àgbà tí ò tẹ kọ̀ǹpútà rí wà níbẹ̀, ògbóǹtarìgì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu nìkan ni kó fi kọ́ ọ. Ọmọ́dára wá àmì ìdápadà náà títí, ó tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ sì padà. Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tí ìfẹ́ gbà wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé Sátidé tí ẹgbẹ́ ń pàdé nìkan ni Ọmọ́dára ń rí àyè mí.

Nílé wọn ní Inísà, láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, ìyá ẹ̀ ló ń bá a yan gbogbo nǹkan. Ìyá ló ní kó ṣiṣẹ́ tísà, ìyá ló ń sọ irun tó máa dì. Obìnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún o! Bí adìẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n ló rí. Ìyá yìí sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ti ilé àdúrà dé.

"Ọmọ́dára, Olúwa ti fi ọkọ ẹ hàn mí. Matthew tó ń ta sìmẹ́ǹtì l'Ókukù ni. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọ́dára sáré lọ bá Akínyẹlé.

"Olólùfẹ́ mi, wá bá mi sọ fún Màámi. Ẹnu mi ò gbà á."

"Màá tẹ̀ lé ẹ, ọkàn mi. Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀."

Wọ́n délé. Akínyẹlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta rèé?" ni ìyá bèèrè.

Ọmọ́dára wo Akínyẹlé pé kó dáhùn. Bí ọkùnrin náà ṣe dìde, ó káwọ́ pọ̀nyìn.

Háà! Ṣé ibí náà ló yẹ kó ti máa pa òfin ẹgbẹ́ mọ́? Ọmọ́dára fẹ́ sá jáde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. Ló bá kúnlẹ̀, omijé ń bọ́.

"Màámi, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ Matthew. Ẹ ò bi mí léèrè rí. Akínyẹlé yìí ni mo fẹ́."

Ìyá yíjú sí Akínyẹlé.

"Ìwọ ọkùnrin, ṣé odi ni ẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ràn ọmọ yín dénú. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́."

Ìyá tú gèlè ẹ̀, ó tún un wé.

"Ó dáa. Ẹnu tó o fi sọ fún mi, òun náà ni wàá fi sọ fún Matthew. Mi ò ní bá ẹ dé Òkukù. Tó o bá ti sọ ọ́ tán, mú ọkùnrin yìí padà wá jẹun."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì Òkukù. Ọmọ́dára ń ka ohun tó máa sọ lábẹ́lẹ̀. Akínyẹlé ò kọ́ ọ ní gbólóhùn kan. Ó kàn na ọwọ́, ó di tiẹ̀ mú fún ìgbà àkọ́kọ́.