Bọ́tìnnì Mẹ́ta, Iṣẹ́ Kan

"Ìwọ lo ta ilé ìyá wa. Má wò mí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni!"

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ló ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, tó di kọ́kọ́rọ́ ilé mọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi gún èèyàn. Níta, àwọn ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ti ń fi okùn wọn ilé náà. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ìka kan ògiri, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ wó o.

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ tó há sẹ́nu. Ó ní òun ò ta ilé kankan. Alágbàtà tó ń bá wọn gba ayálégbé ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù òun pé ẹnì kan fẹ́ ra ilé, bọ́tìnnì mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: "Mo tà á", "Mi ò tà", "Ẹ jẹ́ n rò ó". "Mi ò tà" lòun tẹ̀. Òun tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tìbínú-tìbínú.

"Orúkọ ẹ ló wà lábẹ́ ìwé wọn pé o tà á," ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí. "Títí wọ́n á fi sin mí, mi ò tún ní bi ẹ́ pé ṣé dáadáa ni."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tó gbọ́ ẹjọ́ náà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, kò sọ pé irọ́ ni, kò sọ pé òótọ́ ni. Ó mú Aránṣọ lọ bá ẹni tó kọ ìkànnì orí fóònù náà fún alágbàtà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí.

"Màámi, ọwọ́ yín ló ṣì," ó wí. "Ó máa ń ṣe àwọn àgbà bẹ́ẹ̀."

"Ta ni màámi ẹ? Ṣé o ti ka eyín mi ni?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé òun kì í kọ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan; ìránṣẹ́ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà ló ń jẹ́ ẹ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀, ìránṣẹ́ yẹn á jáde, á kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló rán mi nínú wọn, á sì ṣe ohun tí ẹni tó rán an fẹ́. Ó kọ orúkọ olùrà kan sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ tó wá sí i lẹ́nu, ó tẹ "Mi ò tà". Kọ̀ǹpútà dáhùn: "Ẹ ti kọ̀." Jẹ́jẹ́ tún un tẹ̀. "Ẹ ti kọ̀."

Jẹ́jẹ́ sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó sì rọra tilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n Inspẹ́kítọ̀ ò sinmi. Ó rí awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àna ẹ̀. Ó rí ìyá ìbejì kan tí wọ́n ti kó ẹrù ẹ̀ síta. Gbogbo wọn ló tẹ "Mi ò tà". Gbogbo wọn ni ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Olùrà kan náà ló sì ra gbogbo ẹ̀: Onírùngbọ̀n, àbúrò ìyàwó Jẹ́jẹ́.

Wọ́n lọ ká a mọ́lé, ó fo ògiri ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dé ibùdókọ̀, wọn ò rí onírùngbọ̀n kankan. Wọ́n ti ń padà lọ nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ rí ọkùnrin kan lábẹ́ tapólì ọkọ̀ ẹrù, tí àgbọ̀n ẹ̀ mọ́ ju iwájú orí ẹ̀ lọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a ni.

Ó ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n kàn ní kí òun máa fi orúkọ òun rà ni. Inspẹ́kítọ̀ ò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn ní kó tún fi orúkọ náà bèèrè ilé kan sí i lórí ìkànnì náà.

Kí Jẹ́jẹ́ tó gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ti gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá. Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, dúró síbi tó jìnnà sí i. Fóònù Jẹ́jẹ́ dún lórí tábìlì.

"Ẹnì kan fẹ́ ra ilé ẹ," Inspẹ́kítọ̀ wí. "Ṣé o ń tà á?"

"Rárá, mà."

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Jẹ́jẹ́ wo orúkọ olùrà. Onírùngbọ̀n ni.

"Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Ìyẹn náà ní bọ́tìnnì. Tẹ̀ ẹ́."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. Ni Aránṣọ bá rìn wá, ó na ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún lágùn-úntúngún sórí fóònù náà.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Kò sí jẹ́jẹ́ kankan nínú ohùn yẹn mọ́.

"Èwo ni kí n má tẹ̀?"

"Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè tẹ̀. Títà ni gbogbo wọn. Tó bá ti jẹ́ orúkọ àna mi ló rà á, ìránṣẹ́ yẹn kì í bèèrè ẹni tó rán an. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé yẹn, èmi ni."

Inspẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n lọ lé àwọn tó ń wọn ilé kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n sì bá ìyá ìbejì kó ẹrù ẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ rìn wá láti ibi tó wà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó sì pa ìka ẹ̀ dé e lórí.

"Àbúrò mi, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Aránṣọ sì fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ "Mi ò tà" lórí fóònù Jẹ́jẹ́.

Fóònù náà tàn yẹ́ẹ́: "Ẹ ṣeun. Ẹ ti ta ilé yín."