Àpò Bíréèkì Tí Mo Tú

Kí n tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ Kengo, ọmọ ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí tèmi ló bí tirẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná ló ti bẹ̀rẹ̀, lábúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè Aso. Èmi àti Hatsue jókòó sínú omi, ìhòòhò bí wọ́n ti bí wa, àfi pé ara ti hun jọ. Hatsue ní, "Masuyo, gbogbo awakọ̀ orí òkè ló ń yin ọkọ̀ Tomoya, ọmọ ọmọ mi. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀."

Omi gbóná, inú mi gbóná jù ú lọ. Láti ilé ẹ̀kọ́ la ti ń jowú ara wa. Ọmú wa ti ṣubú tipẹ́, owú wa ṣì dúró gangan.

Kengo ń wa ọkọ̀ wàrà, Tomoya náà ń wà á níléeṣẹ́ kan náà. Irú mọ́tò kan náà ni àwọn méjèèjì rà: Silvia onílẹ̀kùn méjì, mọ́tò eré-ìje àlòkù tó dàgbà jù wọ́n lọ. Kí Kengo lè tún tirẹ̀ ṣe, ó ń pín owó oṣù rẹ̀ sínú àpò ìwé, bí mo ti kọ́ ọ, bí ìyá mi ti kọ́ èmi náà. Àpò kan fún bíréèkì, ọ̀kan fún táyà, ọ̀kan fún àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba ń ṣe, ọ̀kan fún tọ́ọ̀bò tí ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ẹ̀yìn àpótí ìrẹsì ni mo ń tọ́jú wọn sí. Èèwọ̀ ilé wa ni pé a kì í tú àpò kan láti fi kún òmíràn.

Bí mo ti ti ilé ìwẹ̀ dé, Kengo fajú ro.

"Ìyá àgbà, àpò tọ́ọ̀bò kò tíì kún. Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́rin yéènì."

"Èló ló wà nínú ti bíréèkì?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti bíréèkì nìyẹn."

"Ta ló ń wo bíréèkì? Ṣé bíréèkì ni Hatsue fi ń yangàn sí mi ni? Gbà."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú àpò náà. Èmi ìyá ìjọ nìyẹn o, tó ń pín ìwé ìhìnrere kiri.

Tọ́ọ̀bò wọlé. Ìyẹ́ gàgàrà kan, bíi ti ọkọ̀ òfúrufú, tún gun ẹ̀yìn ọkọ̀. Mọ́tò Tomoya kò ní ìyẹ́, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni ọmọ náà. Bíréèkì ló kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà ló ra táyà. Ó máa ń sọ fún Kengo pé, "Ohun tí yóò dá ọ dúró ni kí o kọ́kọ́ wá. Mo ń sọ ti mọ́tò, mo ń sọ ti ayé rẹ náà. Wá sọ́dọ̀ Jésù."

Kengo á ní, "Pásítọ̀ onímọ́tò, lọ wàásù fún màlúù."

Ní Sátidé kan, Kengo gbé mi gorí òkè, níbi tí àwọn onímọ́tò ti ń pàdé. Tomoya náà wà níbẹ̀. Mo jókòó bí olorì, kí n lè rí ìròyìn kó lọ bá Hatsue. Ọmọ náà sáré gùn, ó sáré sọ̀, ó tún gùn. Nígbà tí a dúró, àgbà awakọ̀ kan wo ìyẹ́ wa, ó fimú fa òórùn.

"Àbúrò, ta ló ń sun ẹja níbí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, torí bíréèkì wa ló ń jó tó ń rùn. Bàbá náà wá lóṣòó ti táyà Tomoya, ó wo bíréèkì rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí gbọ́n."

Ojú Kengo pọ́n bí ata.

Mo lọ ilé ìtọ̀, torí àpòòtọ̀ mi ti di apẹ̀rẹ̀. Tomoya lọ ra wàrà tútù. Mọ́tò tuntun kan dé, gbogbo èèyàn sáré lọ wò ó. Nígbà náà ni Kengo mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà, ó sì dẹ nọ́ọ̀tì táyà iwájú Tomoya.

Nígbà tí mo dé, Tomoya ti ń dúró dè mí.

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú. Bíréèkì Kengo ti gbóná jù, kò yẹ kó gbé àgbàlagbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sílé."

Mo wọlé, mo de ìgbànú. Tomoya ṣáná sí ọkọ̀.

Kengo dúró, ó ń wò wá. Bó bá dákẹ́, èmi àti Tomoya ń lọ sínú ọ̀gbun. Bó bá sọ̀rọ̀, ojú á tì í títí ayé. Ó sáré, ó da àyà dé iwájú ọkọ̀.

"Pa á! Pa ẹ́ńjìnnì! Mo ti tú táyà rẹ."

Tomoya sọ̀kalẹ̀. Ìka lásán ló fi yí nọ́ọ̀tì náà.

"Kengo, kí ni mo ṣe ọ́?"

"Wọ́n yìn ọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tomoya mú sípánà, ó ń de àwọn nọ́ọ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé páálí kan jáde. Páàdì bíréèkì tuntun ni.

"Inú àjẹmọ́nú mi ni mo ti rà á fún ọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òórùn ọkọ̀ rẹ."

"Mú un padà. Mi ò yẹ lẹ́ni tí à ń fún."

"Ta ló yẹ? Bí mo bá ti rí tọ́ọ̀bò rẹ yẹn, ọ̀nà ọ̀fun mi á máa dá tòlótòló. Èmi náà ń jowú, Kengo. Jésù ló san gbèsè mi. Ó ti san tìrẹ náà."

Orí òkúta wẹ́wẹ́ níbẹ̀ ni Kengo kúnlẹ̀ sí, lójú gbogbo wọn, tó fi ọkàn rẹ̀ fún Olúwa. Èmi wà nínú ọkọ̀, ìgbànú dè mí mọ́ àga, mò ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, lọ wo àwọn àpò tìrẹ. O ti ya owó ilé sọ́tọ̀, o ti ya ti aṣọ sọ́tọ̀, kí aládùúgbò lè rí ọ. Kí lo yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí ọ̀nà yóò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Kò sẹ́ni tí yóò yá ọ lọ́jọ́ náà. Jésù ti ra ohun tí yóò dá ọ dúró sílẹ̀ dè ọ́, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi rà á. Má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Kúnlẹ̀ lónìí, níbi tí o wà yẹn.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Hatsue níbi ìwẹ̀, àfi ti àpò yẹn. Ó ń fọ ẹ̀yìn mi, bí a ti máa ń fọ ti ara wa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Masuyo, Kengo ti jẹ́wọ́ tirẹ̀. Owó tọ́ọ̀bò yẹn, ta ló fún un?"