Ọwọ́ Ń Bọ̀, Jikke!

Jikke nìyí. Ọjọ́rú lòní, ọ̀sán ni ilé-ìwé ti jáde. Jikke ti wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kírín-kírín!

Gbogbo ọjọ́rú ni òun àti Bàbá Àgbà máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ ẹja díndín létí òkun.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn orí òkè tí wọ́n mọ láti fi sé òkun mọ́ kì í ṣeré o! Fùùù! Á máa ti Jikke sẹ́yìn.

Bàbá Àgbà á wá na ọwọ́ ńlá wọn sí i lẹ́yìn, wọn á tì í síwájú.

"Ọwọ́ ń bọ̀!"

"Ẹ ṣeun, ọwọ́!"

Ni Jikke á bá máa sáré lọ.

Lónìí, Bàbá Àgbà gbé ẹsẹ̀ sókè láti gun kẹ̀kẹ́. Irin àárín kẹ̀kẹ́ wọn ga jù. Gbàgà! Wọ́n ṣubú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá!"

"Yéè, ìbàdí mi o! Mo ti dàgbà ju kẹ̀kẹ́ yìí lọ."

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Aafke tó ń ta kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ pupa kan ń dán níbẹ̀. Bàbá Àgbà gùn ún. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Fíííì! Wọ́n ti lọ!

Jikke tẹ̀ lé wọn dé orí òkè. Fùùù! Atẹ́gùn dá a dúró.

"Bàbá! Ọwọ́ dà?"

Bàbá Àgbà fẹ́ yọ ọwọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ pupa ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Jikke bú sẹ́kún.

Kíá, Bàbá Àgbà padà.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ fi eré tó fi ọ́ sílẹ̀ ṣe?"

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Àǹtí Aafke, ó sì yí kẹ̀kẹ́ mìíràn jáde. Irin rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù.

"Èyí kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ àwọn ìyá arúgbó nìyẹn!"

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ọmọ ogún ọdún ni yín? Ẹ gùn ún, jàre!"

Bàbá Àgbà gùn ún wẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn wọn nà. Ìbàdí ò dùn wọ́n. Kẹ̀kẹ́ náà kò yára bíi ti pupa, àmọ́ kì í ṣe ìgbín. Ọwọ́ kan sì ṣófo!

Fùùù!

"Ọwọ́ ń bọ̀!"

"Ẹ ṣeun, ọwọ́!"

Wọ́n jẹ ẹja, wọ́n yó.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó rẹ Bàbá Àgbà. Hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wọn ń falẹ̀ lórí òkè.

Wọ́n gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọwọ́ ń bọ̀!"

Ọwọ́ Jikke ló wà lẹ́yìn wọn yẹn. Inú Bàbá Àgbà dùn, omi lé sí wọn lójú.

"O ṣeun, ọwọ́ kékeré. Ìwọ náà á dàgbà, o ò ní ṣàìrí ẹni tó máa tì ọ́ lẹ́yìn."

"Àmín o!" ni Jikke wí. Kírín-kírín!