Adènà Yàrá Ìfọ̀

“Àǹtí, ṣé ẹ ṣì ń mí?”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin tó jẹ́ adènà tuntun bá ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìfọ̀ nílé iṣẹ́ wúrà sọ nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè burúkú ni láti fi bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín nínú ìbòjú rẹ̀.

“Bí mi ò bá mí, ta ló ń dá ẹ lóhùn?”

Rẹ́sìnì ló ń fọ̀, àwọn wóró kéékèèké bí ẹyin ẹja, tó ń fa wúrà mọ́ra láti inú omi sáyánáìdì, májèlé tí wọ́n fi ń yọ́ wúrà. Omi gbọ́dọ̀ ṣan májèlé náà kúrò lára wọn kí wọ́n tó da áàsìdì sí i láti gba wúrà. Bí májèlé bá ṣẹ́ kù tí áàsìdì kàn án, èéfín tó máa jáde lágbára ju ìbòjú wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí adènà fi ń dúró síta. Bí ẹni inú yàrá bá ṣubú, kó tẹ aago, kó dúró de àwọn tó ní ẹ̀rọ ìmí. Kò gbọdọ̀ wọlé.

Kò pẹ́ tí “Àǹtí” fi di “olólùfẹ́ mi,” tí òun náà sì ń pè é ní “Adènà mi.” Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà mú un lọ kí ìyá rẹ̀, màmá ò béèrè ilé, kò béèrè ẹbí.

“Gbọ́ mi, bí ọmọ mi bá ṣubú sínú yàrá yẹn, kí lo máa ṣe?”

“Màmá, eré ni màá sá wọlé lọ gbé e!”

Ìyá wo ló máa kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀? Ìyá yìí ni. Ojú rẹ̀ fà ro.

“Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe sáré wọ irú yàrá yẹn lọ gbé ọ̀rẹ́ ẹ̀. Òkú àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé jáde. Mi ò lè sunkún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Mi ò fún ẹ lọ́mọ.”

Ọmọbìnrin náà sin ín síta. “Jọ̀ọ́, ṣáà sọ fún wọn pé wàá dúró síta.”

“Mi ò lè purọ́ fún màmá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn, tí mo bá ti gbọ́ aago yẹn, màá sáré wá.”

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Inú rẹ̀ dùn sí i, ẹ̀rù sì bà á pé ó máa kú nítorí òun.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló purọ́. “Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Mo ti rí ẹlòmíì.”

“Wò mí lójú kó o sọ ọ́.”

Ó wò ó lójú, ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí àga, kò sì padà sílé iṣẹ́ náà mọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Ó máa ń fi irin kan ilẹ̀kùn.

“Ọmọ yìí, ṣé o wà ńbẹ̀?”

“Mo wà, sà.”

Omijé ń dà nínú ìbòjú, kò sì gbọdọ̀ ṣí i láti nù ún. Bàbá yìí mọ òfin. Bí òun bá ṣubú, yóò tẹ aago, yóò sì dúró síta. Ọmọbìnrin náà tún da omi sórí àwọn wóró náà, ó ń fọ̀ wọ́n lọ.